Ọmọ Tó Ní "Mo Ti Yó"

Bí ẹ bá dé Ṣakí tí ẹ béèrè orúkọ tí bàbá mi sọ mí, ẹ lè rìn títí ẹsẹ̀ yín á fi wú, ẹ ò ní rí ẹni tó máa júwe ilé mi fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Tíṣà Ẹ̀fọ́. Ọmọdé á na ọwọ́ sí ilé náà kíá, àgbà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná kó tó na tirẹ̀. Orúkọ yẹn ni mo jẹ fún ọdún méjìlélógún tí mo fi ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn ní Òkè-Ògùn, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní oúnjẹ tó yẹ kí wọ́n máa jẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ ṣe láyé, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. N kò ní parọ́ fún yín pé iṣẹ́ náà sọ mí di olówó. N kò sì ní sọ pé n kò ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ, torí ìyẹn gan-an ni mo ṣe gbà láti sọ ìtàn yìí.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé aláṣọ òfì. Bàbá mi hun aṣọ títí ẹ̀yìn wọn fi tẹ̀, wọ́n sì ti pèsè àyè mi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì tiwọn. Ọjọ́ tí mo sọ fún wọn pé ọ́fíìsì ìlera ti gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọmọdé ní oúnjẹ jíjẹ, wọ́n dá iṣẹ́ dúró, wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Oúnjẹ kẹ̀? Ta ni ò mọ oúnjẹ jẹ? Ewúrẹ́ wo ni wọ́n kọ́ ní koríko jíjẹ?"

"Bàbá, wọ́n ní ó ní bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ kó tó ṣe ara lóore."

"Ó dáa. Ọjọ́ tí o bá rí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yó, tí o sì kọ́ ọ tó mọ̀ ọ́n, padà wá sọ fún mi."

Gbogbo àwọn tó wà nídìí òfì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí n kò mọ̀ pé n óò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé díẹ̀ tó sì lè gun kẹ̀kẹ́ lọ jìnnà. Mo mọ̀wé díẹ̀, mo sì ní kẹ̀kẹ́. Owó oṣù ńkọ́? Ó tó jẹun, kò tó yangàn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́ ni Ìyá Délé. Agbẹ̀bí ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bójú tó àwọn ọmọ ilé ìwé. Wọ́n ga, wọ́n tínrín, gèlè funfun kì í kúrò lórí wọn. Wọn kì í pariwo. Bí wọ́n bá ń bínú, ńṣe ni ohùn wọn á túbọ̀ máa lọ sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí mo bá ti rí i pé mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́ wọn, mo mọ̀ pé mo ti dáràn.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ kí n la ẹnu kọ́ ọmọ kankan ní ohunkóhun. Èmi ni mo ń gbé òṣùwọ̀n onírin tí àwọn ọmọ ń gùn láti mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Èmi ni mo ń tò wọ́n, èmi ni mo ń fọ àwo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kan, wọ́n ní, "Ọmọ ogójì ló wà níbẹ̀ yẹn. Lọ wá àwọn tí kò jẹun láàárọ̀ yìí fún mi."

Mo wọlé. Mo ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ṣé o ti jẹun?" Gbogbo wọn ni wọ́n ń dáhùn, "Mo ti jẹun, sà." Mo jáde sí Ìyá Délé, mo ní gbogbo wọn ló ti jẹun. Wọ́n wọlé, wọ́n rìn láàárín àwọn àga, wọn ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, wọ́n kàn ń di ọwọ́ àwọn ọmọ mú bí ẹni ń kí wọn. Wọ́n fọwọ́ kan mẹ́ta léjìká. A mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sábẹ́ igi. Kò pẹ́ tí ẹ̀kẹta fi bú sẹ́kún, ó ní láti àná ni òun ti jẹun kẹ́yìn.

"Ìwọ náà ò ní jẹun ọ̀sán lónìí," Ìyá Délé wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa, ẹnu rẹ̀ kì í sọ òótọ́ nípa ebi. Má bi í. Wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀ kí o wò ó bóyá pupa wà níbẹ̀. Wo irun rẹ̀. Wo bó ṣe ń ti ibi eré bọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Òfin wọn nìyẹn: ọjọ́kọ́jọ́ tí mo bá ṣì í mọ̀, n kò ní jẹun ọ̀sán. Ebi pa mí tó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́fà tí ìyá tó bí mi lọ́mọ fi ń béèrè bóyá àìsàn ń ṣe mí. Lẹ́yìn náà ojú mi là.

Wọ́n tún kọ́ mi ní ọbẹ̀ sísè, èmi tí n kò dáná rí láyé mi. Mo ja ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, mo gé e wẹ́wẹ́, mo wá fọ̀ ọ́, mo bọ̀ ọ́, mo fún omi rẹ̀ dànù, mo fi se ọbẹ̀. Mo gbé e wá tìdùnnú-tìdùnnú. Ìyá Délé wo inú ìkòkò.

"Ibo ni oore ẹ̀fọ́ yìí wà?"

"Inú ọbẹ̀ ni, mà."

"Rárá o. Inú kòtò tó o da omi rẹ̀ sí ni. Kòtò lo bọ́, o ò bọ́ ọmọ. Ẹ̀fọ́, kí á tó gé e la ti ń fọ̀ ọ́. Tún un ṣe."

Ìgbà mẹ́rin ni mo tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọmọ tó ń wò mí lójú fèrèsé ló sọ mí ní Tíṣà Ẹ̀fọ́, orúkọ náà sì ti dé Ṣakí kí èmi gan-an tó débẹ̀.

Ohun kan tún wà tí Ìyá Délé kì í fi ṣeré. Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà la gbọ́dọ̀ wo ilé kí a tó yan oúnjẹ fún ọmọ. Onílé Ṣàngó kì í jẹ ẹ̀wà sèsé, mùsùlùmí kì í jẹ ẹran tí wọn ò dú, àwọn ilé ọdẹ kan wà tó ní ẹran tí wọn kì í fẹnu kàn. Wọn ò gbà kí n sọ fún ọmọ kankan pé èèwọ̀ ilé bàbá rẹ̀ kò dára. "Wá òmíràn fún un," ni wọ́n máa ń wí. "Igbó kún fún oúnjẹ."

Ní ọdún kejì, wọ́n ní kí n máa dá lọ. Wọ́n fún mi ní Ṣakí, Òfìkì, Òtu àti Kìṣí. Ìjọba fi àwòrán ńlá kan ránṣẹ́ pé kí n máa fi kọ́ wọn. Ọmọ òyìnbó kan ló wà nínú rẹ̀, tó di èso pupa kan mú, wàràkàṣì aláwọ̀ ìyeyè kan wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Mo gbé e kọ́ sí ara ògiri ní Kìṣí, mo na ọ̀pá sí wàràkàṣì náà, mo ní kí nìyí?

"Ọṣẹ ni, sà," ọmọ kan wí.

"Irọ́ ni," òmíràn wí. "Ọṣẹ kọ́. Ẹ ò rí i pé ó fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

Mo ká àwòrán náà, mo lọ bá àwọn obìnrin Fúlàní tó ń ta wàrà lọ́jà, mo ra mẹ́wàá, mo padà sí kíláàsì. Mo ní ọṣẹ òyìnbó yẹn, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé ilé wa nìyí. Láti ìgbà náà, mi ò kọ́ ọmọ ní nǹkan tí kò lè rí lọ́jà tàbí lóko mọ́. Wàrà wúlò fún mi gan-an, torí pé ẹyin ń fa ìjà. Bàbá kan ní Kìṣí bi mí léèrè pé bí ọmọ òun bá jẹ ẹyin tó sì di olè, ṣé èmi ni n óò bá a lọ sẹ́wọ̀n? Mo ní kò burú, ẹ fún un ní wàrà àti ẹ̀wà. Ó ní èyí tí òun fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n fi aṣọ òfì dúdú kan ránṣẹ́ sí mi, ó fẹ̀, ó gùn. Wọ́n ní kí n máa ya àwòrán oúnjẹ tiwa, kí n máa fi abẹ́rẹ́ há a mọ́ ọn. Aṣọ náà ni mo fi kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Àwòrán nìkan kò tó, mo wá dá Ọjọ́ Ìkòkò sílẹ̀. Gbogbo Ọjọ́rú tí mo bá wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan, àwọn ọmọ á mú nǹkan díẹ̀ wá láti ilé: ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan, ẹ̀pà, irú, ewé tútù, lúrú tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Ẹni tí kò bá ní, kó gbé omi wá tàbí igi ìdáná. A ó se gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú ìkòkò kan, n óò máa sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe lára, a ó sì jẹ ẹ́. Ìgbakọ ni mo fi ń bù ú, igbá kékeré tí àwọn ìyá wa fi ń gbọ́n ẹ̀kọ.

Ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá Òfìkì ni mo ti pàdé Sìkírátù. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ ti kú, oko ọ̀nà jíjìn ni bàbá rẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Ìyá Láísì ni wọ́n ń pe obìnrin náà, ó ń ṣe òrí tà. Omi ni Sìkírátù máa ń gbé wá ní Ọjọ́ Ìkòkò. Mo kàn rò pé ọmọ tí kì í ṣe ọ̀lẹ ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ bu oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo bi í pé, "Ṣé o fẹ́?"

Ó kúnlẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ ṣé, sà. Mo ti yó."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń dùn tó létí àgbà nígbà náà. Ọmọ tó bá na ọwọ́ gba oúnjẹ níta, ìyá rẹ̀ ni wọn yóò bú. Ọmọ àbíire á kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀. Bí ìyá bá ṣẹ́jú, ó lè gbà á. Bí ìyá bá tẹjú mọ́ ọn, "mo ti yó" ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ìfun rẹ̀ tilẹ̀ ń ké. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Orí mi wú. Mo yíjú sí kíláàsì, mo ní, "Ẹ wo ọmọ tó ní ìtẹ́lọ́rùn! Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé!" Mo ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo sì gbé ìgbakọ lé e lọ́wọ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, òun ni yóò máa bu oúnjẹ fún àwọn yòókù.

Ó ṣe é dáadáa. Ó ń bù ú láìdà á sílẹ̀, kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ àyàfi ara rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí táàmù, ìdajì kíláàsì ti ń sọ pé àwọn náà ti yó, kí n lè yìn wọ́n. Mo yìn wọ́n lóòótọ́. Mo kọ lẹ́tà gígùn sí Ìyá Délé ní Ìsẹ́yìn, mo ń ṣakọ, mo ní àwọn ọmọ mi ti kọ́ ìtẹ́lọ́rùn mọ́ oúnjẹ. Ìlà kan péré ni wọ́n fi dá mi lóhùn: "Ṣé o wo ọwọ́ wọn?"

Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo ní àgbà ti dé sí wọn, mo ká a sápò.

Òjò tètè lọ lọ́dún náà. Iṣu kò ta dáadáa, èlùbọ́ wọ́n. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa dé, ilé púpọ̀ ni wọ́n ti ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ọmọ méje ni Ìyá Láísì ń bọ́. N kò mọ̀ nígbà náà pé bí oúnjẹ bá ti kan Sìkírátù nílé, ó máa ń sọ pé, "Ẹ fún àwọn àbúrò mi, mo ti jẹun níléèwé." Ìyá Láísì gbà á gbọ́, torí ó mọ̀ pé Tíṣà Ẹ̀fọ́ ń se oúnjẹ, kò mọ̀ pé Ọjọ́rú nìkan ni. Bó bá wá dé iléèwé, á ní òun ti yó. Ilé gbà pé iléèwé ń bọ́ ọ, iléèwé gbà pé ilé ń bọ́ ọ, ọmọ náà sì wà láàárín.

Ọjọ́rú kan ni. Sìkírátù ti bu oúnjẹ fún ìlà méjì, ó ku ẹ̀kẹta. Mo rí i tó dúró, tó fi ọwọ́ kan di etí ìkòkò mú bí ẹni ń ronú. Mo ní, "Sìkírátù, wọ́n ń dúró dè ọ́ o." Ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Ó ṣubú, ìkòkò dà tẹ̀lé e, ẹ̀wà gbígbóná sì bo apá rẹ̀ òsì.

Ariwo sọ. Mo gbé e. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni o, àmọ́ ó fúyẹ́ bí apẹ̀rẹ̀ òwú. Bí mo ṣe ń da omi tútù sí apá rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, mo wá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó funfun bí ẹ̀kọ. Mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, kò sí pupa kankan níbẹ̀. Èmi tí wọ́n fi ebi ọ̀sán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́! Gbogbo ìgbà tí mo fi ń yin ọmọ yìí, mi ò wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó igi lọ sí Ṣakí ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní iná tó jó o kọ́ ni ìṣòro, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ti gbẹ. Bí wọn ò bá rí ẹ̀jẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà, òun ò lè ṣèlérí ohunkóhun. Wọ́n yẹ tèmi wò, kò bá tirẹ̀ mu. Ìyá Láísì dé nígbà náà, eruku dé orí rẹ̀, ó ní, "Ẹ fa tèmi." Wọ́n yẹ ẹ́ wò, ó bá a mu.

Nígbà tí wọ́n fà á tán, nọ́ọ̀sì gbé tíì gbígbóná àti búrẹ́dì wá fún un. Ìyá Láísì jókòó sórí bẹ́ńṣì, kò sì tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀. Ó na ọwọ́ sí nọ́ọ̀sì náà, ó rọra tì í padà.

"Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì. Mo ti yó."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

"Yéè! Èmi ni mo kọ́ ọ," ó wí. "Tíṣà, èmi ni. Mo ní kó má ṣe wọ̀bìà, kí wọ́n má baà sọ pé torí kò ní ìyá ni. Mi ò mọ̀ pé mò ń kọ́ ọ kó kú ni."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ," mo wí, "èmi ni mo pàtẹ́wọ́ fún un."

Mo gba búrẹ́dì náà, mo fi sí i lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́ tẹkúntẹkún. Èmi náà sunkún, n kò tijú. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Sìkírátù kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó la ojú, ó béèrè bóyá àwọn ìlà kẹta ti rí oúnjẹ jẹ.

Ìyá Délé wá láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n jókòó ti ọmọ náà pẹ́, wọ́n wá jáde sí mi. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú wọn. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ débi pé díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́ wọn.

"Ìbéèrè kan péré ni mo bi ọ́ nínú lẹ́tà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mà, mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ padà sídìí òfì bàbá mi."

"Ìdajì kíláàsì tó o kọ́ ní irọ́ pípa ńkọ́? Ta ni yóò kọ́ wọn ní òótọ́? Lọ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbà á. Bó o bá parí ìyẹn, o lè máa lọ."

Mo padà sí kíláàsì. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí ebi bá ń pa kó jẹun, kò sí ìtìjú níbẹ̀." Mo bu oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ wọn. "Mo ti yó, sà." "Mo ti yó, sà." Ẹyin lohùn, èyí tí mo ti là mọ́lẹ̀, mi ò lè ṣà á jọ. Mo lọ sílé, mo rò ó títí. Ó wá yé mi pé kì í ṣe tíṣà ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹnu wọn. Ojú ìyá ni wọ́n ń wò, ìyá kò sì sí níbi ìkòkò.

Mo lọ bẹ Ìyá Láísì. Ojú ń tì í láti wá, ó ní àwọn èèyàn á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ó dé tòun ti ìborùn rẹ̀, ó pe ìyá mẹ́rin mìíràn mọ́ra, wọ́n jókòó sídìí ìkòkò, wọ́n kọjú sí àwọn ọmọ.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó wí, "ẹ mọ̀ mí. Ẹ mọ ibi tí Sìkírátù wà. Èmi ìyá yín ni mo sọ ọ́ lónìí: nídìí ìkòkò yìí, ẹni tó bá ní òun ti yó nígbà tí kò tíì jẹun, òun ni wọn ò kọ́ nílé. Àṣejù baba àṣetẹ́ ni. Ẹ gbà á, ẹ jẹ ẹ́."

Ó wá ṣẹ́jú sí wọn, ó ṣẹ́ ẹ lọ́nà tí gbogbo kíláàsì fi bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ kan nà, òmíràn nà. Kò pẹ́ tí mo fi bu ìkòkò kan ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, òfin méjì ni Ọjọ́ Ìkòkò ní níbi gbogbo tí mo bá lọ. Àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ sí Ọjọ́ Ìkòkò tí ìyá kan kò ní jókòó síbẹ̀. Èkejì, a kì í bi ọmọ pé ṣé ó fẹ́. A ó kàn bù ú fún un ni. Àwọn ọmọ ló fi í kọrin: ìgbakọ kì í béèrè, ìgbakọ kì í béèrè. Ìyá Láísì fúnra rẹ̀ bá mi dé Òtu àti Kìṣí lẹ́yìn alùpùpù tí wọ́n fún mi lẹ́yìn náà, ó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún àwọn ìyá. Ìyàwó ọdẹ kan ní Kìṣí gbọ́ ọ, ó sunkún, ó wá lọ gbé ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ wá sínú ìkòkò wa, lẹ́yìn tó ti béèrè ẹni tí kì í jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo dé Ìsẹ́yìn, mo sọ fún bàbá mi pé mo ti rí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yó. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí n kí ọmọ náà fún àwọn, wọ́n sì gé aṣọ fún un.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Ẹ̀wà sóyà dé, a kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é jinná kó má baà run ọmọ nínú. Wọ́n gbé mi sórí rédíò lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó mi ní ohùn mi dà bíi ti ẹni tí òtútù mú. Àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, pé kí ọmọ máa kọ ohun tó jẹ lánàá. Ọmọ kan ní Òtu kọ ẹyin, ẹran àti ọsàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba fọ́ọ̀mù náà dunnú gan-an. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo ṣí i, mo fi bó ṣe funfun tó hàn án. Bí ẹ̀yin náà bá yan irú iṣẹ́ yìí, ẹ gba fọ́ọ̀mù, ẹ gba ẹ̀rọ, wọ́n dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́.

Ọdún tí mo máa fẹ̀yìn tì, mo lọ dágbére ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́bàá Òfìkì. Ọjọ́rú ni mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn. Ìyá tó jókòó sídìí ìkòkò lọ́jọ́ náà ní ọmọ kan lẹ́yìn, òmíràn wà ní kíláàsì kìn-ín-ní. Nígbà tó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè láti bu oúnjẹ, mo rí àpá iná lápá òsì rẹ̀, ó ń dán. Sìkírátù ni. Ó bù ú fún ìlà kìíní, ó bù ú fún èkejì, ó bù ú fún ẹ̀kẹta. Ó wá dé ọ̀dọ̀ mi lórí àga tí wọ́n gbé fún mi.

Ìyàwó mi ti rìnrìn àjò lọ kí àwọn ọmọ wa. Láti àná ni mo ti jẹun kẹ́yìn, oòrùn sì ti pa mí lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àgbà ni mí, àlejò sì ni mí.

"Bàbá, ẹ jẹun."

"O ṣé, ọmọ mi," mo wí. "Mo ti yó."

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Sìkírátù gbé ìgbakọ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ mi bí ẹni ń kí mi, ó ṣí i, ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi níwájú gbogbo àwọn ọmọ. Ó pẹ́ díẹ̀ tó fi ń wò ó. Ó dìde, ó bu ẹ̀wà kún àwo, ó gbé e lé ọwọ́ náà gan-an.

"Ìgbakọ kì í béèrè, sà."

Àwọn ọmọ fi í kọrin. Mo jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà, èmi ọmọ Ìsẹ́yìn tí wọ́n kọ́ nílé, mo na àwo náà padà sí i pé kó tún bu díẹ̀ sí i.